Ìkíni Kan Ṣì Kù

Ìwé náà jáde lẹ́nu Agbọ́hùn, ẹ̀rọ kóòtù, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bí Tísà Gbádébọ̀ ṣe ń ti ìlẹ̀kùn àgọ́ ìdánwò. Ó ṣì gbóná nígbà tí mo fà á yọ. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo tún un kà.

"Ọ̀gá, ṣé kóòtù ni?" Tísà Gbádébọ̀ ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Àwọn náà ni."

"Kí ni wọ́n wí lọ́tẹ̀ yìí?"

"Wọ́n ní Òfin Ìjókòó-Kan kò kan iṣẹ́ kànga mọ́. Ọmọbìnrin kankan kò gbọdọ̀ kọ́ ọ nílé-ìwé ìjọba, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo bá ti ka ìwé yìí tán sétí ilé-ìwé."

Ó wo àgọ́, èmi náà wò ó. Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, nítorí náà a rí wọn kedere: ọmọbìnrin méjìlá, olúkúlùkù pẹ̀lú afami tirẹ̀ tó tú palẹ̀ níwájú rẹ̀. Afami ni ẹ̀rọ tí ń gbé omi wá láti inú kànga jíjìn láti ìgbà tí odò ìlú wa ti gbẹ. Wákàtí mẹ́ta ni ìdánwò náà. Wọ́n á tú ẹ̀rọ, wọ́n á tún un tò, wọ́n á gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú kànga ìdánwò, omi á sì jáde. Ẹni tí omi rẹ̀ bá jáde kí n tó ka ìdájọ́ tán ti gba ìwé-ẹ̀rí nìyẹn, kóòtù kankan kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá tíì parí, ẹ̀rọ náà á ti ara rẹ̀ pa mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Aago méjìlá ni wọ́n máa parí," ni Tísà wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárín wákàtí kan. Bí mo bá kọjá ìyẹn tí mi ò tíì lanu, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì fagi lé ìdánwò gbogbo ilé-ìwé, tọkùnrin tobìnrin."

Tísà Gbádébọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ rọra kí wọn dáadáa."

Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sí wa lè má mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Agbọ́hùn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ka ìdájọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ka ọ̀kan sétí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Osùn láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ìlú ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, pé ẹni tí kò kí àwọn kò bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì borí. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló gbọ́dọ̀ ka ìdájọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí onítọ̀hún sì dáhùn. Bí ẹyọ ẹnì kan kò bá tíì dáhùn, a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ṣòfin kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n kọ́ Agbọ́hùn ní ìkíni. Èyí tó bá tọ́, tó sì ti inú wá, iná àwọ̀ ewé ni yóò tàn sí i. Èyí tí kò nídìí, iná pupa. Bí pupa bá pé mẹ́ta, ẹ̀rọ á gba ìwé kíkà lọ́wọ́ rẹ, á sì kà á fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kan lápá òkè ti fẹ́ fi ìkíni jẹ àkókò rí. Nígbà tí ènìyàn tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ewúrẹ́. Oko ló ń ro báyìí.

Ohun kan tún wà. Bí ó bá sú olùpẹ̀jọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó sọ pé, "Ó tó." Bó bá ti sọ ọ́, ìkíni parí.

Olùpẹ̀jọ́ sì ti dé. Láti aago mẹ́jọ ni Bàbá Ọláòṣebìkan ti jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí lọ́yà rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀ létí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Nígbà kan, Bàbá Ìbídùn ni gbogbo wa ń pè é. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ kànga nílùú yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, okùn já mọ́ ọn nídìí nínú kànga Òkè-Agbede. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, bàbá ti pe ìjọba àti èmi lẹ́jọ́. Ó ní Òfin Ìjókòó-Kan, tó ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, ló ti ọmọ òun sínú kòtò. Lọ́yà tó gba ẹjọ́ wa rò ní n kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. A kì í kúkú ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń pàdé lójú ọ̀nà tí a ń wo ilẹ̀.

Mo wọ ọ́fíìsì, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó ti ìwé náà.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún mi. Ìdájọ́ mẹ́rin ni mo ti kà láàárín ọdún mẹ́fà. Méjì ní kí n kó àwọn ọmọbìnrin wọ kíláàsì kànga, méjì ní kí n kó wọn jáde. Mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ, n kò fi ìṣẹ́jú kan ṣe ẹ̀tàn. Kíkà bẹ́ẹ̀ náà ló kó àwọn ọmọ wọ̀nyí wọlé nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fẹ́. Bí mo bá fi èrú fa tòní gùn, ọ̀gá mìíràn á fi èrú fa tàwọn ọmọbìnrin gùn lọ́la. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá kà á bí mo ṣe máa ń kà á, aago mẹ́wàá ààbọ̀ kò ní lù kí afami méjìlá tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí Ọ̀gbẹ́ni Fátóógun. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, òfin kò gba ọmọbìnrin láyè ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ. Ìta fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Ọ̀gbẹ́ni Fátóógun, olùkọ́ ibẹ̀, kò fìgbà kan pè mí wọlé, kò rú òfin. Ó kàn gbé pátákó rẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbé e kọjú sí fèrèsé, ó sì ń kọ gàdàgbà-gàdàgbà. Ó kú kí n tó dàgbà tó ẹni tí ń dúpẹ́. Títí dòní ó ń dùn mí.

Mo wá bi ara mi léèrè pé, bí mo bá kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí tán, tí n kò fi ọ̀kan tó tọ́ sí wọn pa mọ́, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó? N kò mọ̀. N kò gbìyànjú rẹ̀ rí.

Ní aago mẹ́wàá, mo gun pèpéle. Gbogbo ilé-ìwé ti tò sórí pápá, ohùn mi sì ń dé inú àgọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn olùkọ́.

"Tísà Gbádébọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ."

Iná ewé, iná ewé.

"Ẹ kú ìyàwó."

Iná pupa. Ẹnu mi ló yọ̀. Ọdún kẹrin nìyí tí Tísà ti ń fẹ́ ọmọbìnrin kan láìgbé e, bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, Tísà sì fọwọ́ bojú. Pupa kan ti lọ lórí àwàdà.

Mo kí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì kànga tó ti ṣe ìdánwò tiwọn lánàá. Nígbà tí ìdájọ́ kẹta kó àwọn ọmọbìnrin jáde, àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí há ara wọn mọ́ apá kan bẹ́ǹṣì, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo fún sáà kan gbáko. Kò sẹ́ni tó rán wọn. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò jókòó sí àyè wọn," ni mo wí. "Mo rí i nígbà náà. Mo rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹkún lá gbọ̀n mí, ni mo ṣe dákẹ́." Iná ewé.

Mo kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kejì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ìdánwò tiwọn di ọdún tó ń bọ̀. Mo wá kọjú sí àgọ́.

"Wúràọlá, o kú iṣẹ́. O kú ìrìn. Ọjọ́ tí okùn tán tí òjò sì ti gé ọ̀nà, ìwọ lo fẹsẹ̀ rìn dé ìlú kejì tí o ru okùn bọ̀ lórí. Mi ò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo kàn ní kí o tètè wọ kíláàsì. O ṣeun, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, mà," ni ohùn rẹ̀ wí láti inú àgọ́. Kò gbórí sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára wáyà.

"Kúdírátù, o kú làákàyè. Lọ́dún tó kọjá mo ya ọ̀nà omi sódì lójú pátákó. Gbogbo kíláàsì dà á kọ, ìwọ nìkan lo nawọ́. Mo ní o ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé ìwọ lo gbà á, mi ò sì padà wá sọ ọ́. O kú làákàyè, o tún kú ìfaradà."

Iná ewé lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ tí Kúdírátù ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn.

Ìdòwú ló kàn, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹnì kan fi ń gbé omi síwájú ìlẹ̀kùn mi ní ìdájí láìkanlẹ̀kùn. Mo yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kẹwàá, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sọ èyí tán, mo ní, "O kú ìtọ́jú mi, Ìdòwú."

"Kò tọ́pẹ́, mà." Ìdajì ilé-ìwé kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, n kò wá ọ̀rọ̀ rárá. Bí mo ṣe ń mú ọ̀kan jáde ni òmíràn ń tì í lẹ́yìn. Ojú ń tì mí pé mo ti ń jẹ gbogbo oore yìí láti ọdún mélòó kan láìlanu dúpẹ́. Tísà Gbádébọ̀ yọ wá sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti ń mú wọn sunkún sórí ẹ̀rọ." Mo ní kí ó wá aṣọ fún wọn nujú.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Orúkọ kan ló kù nínú àwọn méjìlá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni.

Mosúnmọ́lá, ọmọ Ìbídùn. Ilé bàbá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Òfin gba ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ yan iṣẹ́, ó sì ti yàn án. Ìránṣọ ni bàbá rò pé ó ń kọ́. Bí mo bá fo orúkọ rẹ̀, gbogbo ìkíni mi di asán. Bí mo bá pè é, bàbá gbọ́.

"Mosúnmọ́lá ọmọ Ìbídùn," ni mo wí, "o kú ìgboyà."

Bàbá gbórí sókè. Ó wo ẹ̀rọ tó gbé ohùn mi, ó wo àgọ́, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀ nàró. Gbogbo wa là ń retí, "Ó tó."

Mo sáré sọ tèmi. "Okùn méjì ni gbogbo yín ń so mọ́dìí kí ẹ tó wọ kànga. Kì í ṣe èmi ni mo mú un wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mosún wọ kíláàsì mi, ó bi mí pé, 'Mà, kí ló dé tó jẹ́ okùn kan ṣoṣo?' A sọ ọ́ di méjì. Láti ìgbà náà okùn ti já lẹ́ẹ̀mejì nílùú yìí, kò sì sẹ́ni tó jábọ́. O ṣeun, Mosún."

Iná ewé.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ọmọ náà wí. Ó gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ má bínú, bàbá."

Bàbá la ẹnu. Ó pa á dé.

Òun nìkan ló kù. Mo kọjú sí i láti orí pèpéle, ohùn mi ti há.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

"Ẹ ṣeun." Gbígbẹ báyìí.

"Ẹ kú oòrùn."

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ kú oríire ìdájọ́."

Iná pupa. Ó tọ́ sí mi, irọ́ ni. Pupa kan ló kù kí ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ́ ṣí ìwé náà láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Agbọ́hùn fọhùn fúnra rẹ̀ pé, "Ìkíni kan ṣì kù."

Mo mọ èyí tó kù. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìkíni náà kò sì ṣeé dúró lórí pèpéle kí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo la àárín àwọn ọmọ kọjá, mo dé abẹ́ dóńgóyárò, mo sì kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

"Bàbá Ìbídùn," ni mo wí. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó yẹ kí n ti wá. Mo ń sọ pé lọ́yà ló ní kí n má wá, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí, ojú sì tì mí. Mi ò lè wojú yín. Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní Ìbídùn kọ́. Mi ò tíì kọ́ ọmọ tó dùn mọ́ mi bíi tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dára."

Iná ewé tàn. Àmín nìkan ló kù kí ó ṣe.

Kò ṣe é. Ó ń wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn lọ́yà tín-ín-rín nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀: "Bàbá, ẹ dáhùn! Ẹ dáhùn kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀!" Bàbá fi ìka méjì yọ ẹ̀rọ náà, ó fi í sápò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, omi ti ń jáde. Kànga ìdánwò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ariwo omi Kúdírátù, mo gbọ́ ti Wúràọlá. Orúnkún mi ń ta mí, n kò dìde. Àwọn mẹ́rin mìíràn wọlé, wọ́n jáde. Mosún wà lára àwọn mẹ́rin ìkẹyìn. Àwọn mẹ́ta tó kù ti wà nínú kànga nígbà tó ṣì ń fa okùn rẹ̀ wò. Ó fa ti àkọ́kọ́, ó fa èkejì, ó tún padà fa ti àkọ́kọ́. Bàbá ti dìde. Ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó fi èkejì di èjìká mi mú, ó sì fún un débi tó fi dùn mí dé egungun.

Orí ọmọ náà wọlé. A kò rí i mọ́.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo gbọ́ èémí bàbá, pé ó sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà omi tú jáde lẹ́nu ọ̀pá omi kẹrin, gèlè orí Mosún yọ, ojú rẹ̀ yọ, ó tutù rin-rin, ó ń rẹ́rìn-ín. Aago méjìlá lù.

"Àmín o," ni Bàbá Ìbídùn wí. "Ẹ ṣeun."

Mo padà sórí pèpéle, mo ka ìdájọ́ náà láti òkè délẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan, n kò fa ọ̀kan gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kejì sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. Tiwọn wà lọ́wọ́ kóòtù àgbà báyìí, bẹ́ǹṣì á sì tún ṣófo lápá kan. Àmọ́ àwọn méjìlá ti yege. Mo dúró níbẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fátóógun, lọ́wọ́ àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Osùn tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kí àwọn.

Nígbà tí mo padà débi dóńgóyárò, Mosún ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ àgbà, ó gbé ife omi lọ́wọ́. Bàbá mu ún tán. Ó fi ọwọ́ kan okùn tó ṣì wà nídìí ọmọ náà, ó kà á bí ẹni tí kò fọkàn tán ojú ara rẹ̀.

"Méjì," ni ó wí.

"Méjì ni, bàbá."

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n tó lanu.

"Kò tọ́pẹ́, Ọ̀gá. Ẹjọ́ yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, àwọn lọ́yà ló ni ín báyìí. Mi ò mọ ohun tí kóòtù àgbà á sọ. Àmọ́ bí ìwé wọn bá dé, ẹ tètè ránṣẹ́ sí mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Bó bá jẹ́ irú tòní ni, ẹ kí mi dáadáa, mi ò ní kánjú dáhùn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọlé padà, kí ẹ tó kí mi tán ni n ó ti ṣe àmín."